Barcelona àwọn obìnrin láti 2019 sí 2025: ṣé lílọ Asisat ló fa ìfàsẹ́yìn?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀bútẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí Arsenal fi góòlù kan ṣoṣo gba ife Champions League àwọn obìnrin mọ́ Barcelona lọ́wọ́ ní ìlú Lisbon. Mo gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí wọ́n ti ń wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yìí kí èmi tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìwòran kan nítòsí èbúté ni a ti wo eré náà. Nígbà tí Stina Blackstenius ti Arsenal gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ní ìṣẹ́jú 74, ọ̀kan nínú wa dìde, ó yí àga rẹ̀ dojú kọ ògiri, ó sì ní òun kò wò ó mọ́. Ó ní ọjọ́ tí Barcelona ti jẹ́ kí Asisat Oshoala lọ ni wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn yọ òpó ilé wọn. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Asisat ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tí yóò dákẹ́. Ibí ni wọ́n bí i sí ní 1994, ìdajì ìlú ni yóò sì sọ fún ọ pé àwọn mọ pápá tí ó ti kọ́kọ́ ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ó ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni Asisat kọjá sí Bay FC ní Amẹ́ríkà, àti pé ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn 2024 sí 2025, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n na Barcelona ní líìgì: Levante nà wọ́n, Real Madrid náà sì nà wọ́n, bẹ́ẹ̀ Real Madrid kò tíì nà wọ́n rí láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ó wá fi ti Lisbon kún un, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta kì í ṣe èèṣì.

Èmi ní tèmi sọ pé sáà tí Asisat lọ ní àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n kó gbogbo ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń dù. Bí òpó bá ti yẹ̀, báwo ni ilé ṣe tún ga sí i? Ẹnì kẹta wa ní àwa méjèèjì ń fi àkókò ṣòfò, pé líìgì Sípéènì dà bí eré ìje tí àgbàlagbà ń bá ọmọ ọwọ́ sá, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè rí kà nínú rẹ̀. A ti fi abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ńlá kan ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí Asisat dé ibẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, báwo ni ẹ ṣe rí iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí láti sáà dé sáà? Yàtọ̀ sí ìfẹ́ ọmọ ìlú ẹni, kí ni ènìyàn lè fi mọ̀ bóyá wọ́n ń gòkè ni tàbí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀?

Èsì láti ọwọ́ Àgbà Òǹwòran, Ìpàkòdò

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́, o káre. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn láti ìdí ọ̀rọ̀ wá, nítorí náà fi sùúrù kà á.

Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Barcelona kọ́kọ́ gbá àṣekágbá Champions League, Lyon ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì bá pàdé ní Budapest. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aago kan náà sì ni Manchester City àti Watford ń gbá àṣekágbá FA Cup ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ni ilé ìwòran gbé ti àwọn ọkùnrin sí tẹlifíṣọ̀n ńlá iwájú, ó sì fi ti àwọn obìnrin sí kékeré kan tí ó wà lórí fíríìjì, láìsí ohùn. Àwa mẹ́rin ni a yí àga wa sí ìhà fíríìjì. Kí a tó jókòó dáadáa, Lyon ti gbá mẹ́rin wọlé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Ada Hegerberg nìkan ló sì gbá mẹ́ta nínú rẹ̀. Méjì nínú wa bá yí àga wọn padà síwájú, níbi tí City ti ń fi ojú Watford gbolẹ̀. Ó wá ku èmi àti bàbá kan tí ó di dàbínù mélòó kan mọ́ inú áńkáṣíìfù. Aago méje kù díẹ̀, bàbá náà ti ń tú áńkáṣíìfù rẹ̀ ní ìrètí pé wọn yóò pe ìrun láìpẹ́, nígbà tí Asisat, tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí olùrọ́pò, gbá bọ́ọ̀lù kan sínú àwọ̀n ní ìṣẹ́jú 89. Igbe tí bàbá náà ké pọ̀ débi pé gbogbo dàbínù rẹ̀ fọ́n ká sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tí ń wo City sì yíjú wò wá bí ẹni pé orí wa ti dàrú. Mẹ́rin sí ọ̀kan ni eré náà parí sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àṣekágbá tí wọ́n pàdánù wo ẹgbẹ́ yìí ju èyí tí wọ́n gbà lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń borí ní gbogbo ìgbà kì í jẹ́ kí o mọ ohun tí ó ṣe é. Ní Budapest, ìbẹ̀rẹ̀ eré ni ó pa wọ́n. Lyon yá jù wọ́n, wọ́n sì le jù wọ́n lára. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú Caroline Graham Hansen wá láti Wolfsburg ti ilẹ̀ Jámánì, tí Jenni Hermoso padà wá bá wọn láti Atlético Madrid, tí wọ́n sì sọ Asisat, tí ó kọ́kọ́ wá fún àyálò, di tiwọn pátápátá. Sáà 2019 sí 2020 kò dé òpin nítorí àrùn Kòrónà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21 ni wọ́n ti gbá nígbà tí wọ́n dá a dúró, wọn kò sì tíì pàdánù ọ̀kankan, ni wọ́n bá gbé ife fún wọn. Ní Yúróòpù, Wolfsburg fi góòlù kan dá wọn padà ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Nígbà tí ó fi máa di 2021 ní Gothenburg, ohun tí Lyon fojú wọn rí ni wọ́n fi ojú Chelsea rí gẹ́lẹ́: mẹ́rin sí òdo, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti wọlé kí ìṣẹ́jú 36 tó kọjá.

Àmọ́ àìsàn náà kò tíì kúrò lára wọn. Ní Turin ní 2022, Lyon tún gbá mẹ́ta wọlé láàárín ìṣẹ́jú 33 kí Alexia Putellas tó dá ọ̀kan padà. Ní Eindhoven ní 2023, ìṣẹ́jú kẹta ni Ewa Pajor, tí ó wà ní Wolfsburg nígbà náà, ti gbá ti àkọ́kọ́. Méjì sí òdo ni wọ́n sì bá lọ sí ìsinmi. Mo ti dìde, mo ti ń wá bàtà mi, mo ní mo ti rí irú èyí rí. Wọ́n padà dé, Patri Guijarro gbá méjì tẹ̀ léra wọn kí a tó ṣẹ́jú, Fridolina Rolfö sì fi ẹ̀kẹta dé e. Ọdún kejì rẹ̀, ní Bilbao, ni wọ́n tó na Lyon fún ìgbà àkọ́kọ́, sùúrù ni wọ́n sì fi nà wọ́n: ó di ìṣẹ́jú 63 kí Aitana Bonmatí tó rí àwọ̀n, Putellas sì fi èkejì tì í nígbà tí àfikún ìṣẹ́jú ti ń lọ.

Àṣekágbá mẹ́fà láàárín sáà méje: wọ́n gba mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́ta. Bí o bá tò wọ́n bẹ́ẹ̀, wàá rí i pé Lisbon kò bá Budapest àti Turin tan. Kò sí ẹni tí ó sáré bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn, Arsenal ń dúró dè wọ́n, ó sì di ìparí kí wọ́n tó rí i pé àwọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn kankan. Àìsàn tuntun ni.

Nípa ti Asisat, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń wá ẹni tí lílọ rẹ̀ dun Barcelona ní ọjọ́ náà, kí ó wo àárín àwọn Arsenal fúnra wọn. Mariona Caldentey, tí ó lo ọdún mẹ́wàá ní Barcelona, lọ sí Arsenal ní àárín ọdún 2024, ó sì wà lórí pápá ní Lisbon tí ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jà. Ìgbà yẹn náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Jonatan Giráldez lọ sí Amẹ́ríkà, tí Lucy Bronze kọjá sí Chelsea, tí aṣọ́lé Sandra Paños náà sì lọ. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní 2025, Keira Walsh tẹ̀ lé Bronze. Pere Romeu, tí ó ti wà lára àwọn tó ń bá Giráldez ṣiṣẹ́, ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù gbogbo ìwọ̀nyí láàárín oṣù mẹ́jọ, tí ó sì tún dé àṣekágbá, n kò lè pè é ní ẹgbẹ́ tí ó wó.

Èsì láti ọwọ́ Oníṣirò, Sábó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí àṣekágbá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà ẹnì kẹta yẹn díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àfojúdi lásán.

Ní sáà 2020 sí 2021, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 ni wọ́n gbá ní líìgì, wọ́n borí nínú 33. Ní sáà 2021 sí 2022, wọ́n borí nínú gbogbo 30 tí wọ́n gbá. Wọ́n gbá góòlù 159 wọlé, 11 péré ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì gbá sínú àwọ̀n tiwọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ju góòlù márùn-ún lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò sọ bí Barcelona ṣe mọ bọ́ọ̀lù tó. Bí àwọn yòókù ṣe jìnnà sí wọn tó ni ó ń sọ. Láti 2015 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin Barcelona ti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oojọ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì náà ṣì ń da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Oṣù Kejì 2020 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbà tó kéré sí 16,000 yúrò lọ́dún. Líìgì náà fúnra rẹ̀ kò di ti àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oojọ́ títí di sáà 2022 sí 2023. Ẹni tí ó ti ń jẹun kánú fún ọdún márùn-ún ń bá ẹni tí kò tíì jẹun jìjàkadì, ẹ wá ń ka iye ìgbà tí ó dá a.

Àmọ́ ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kẹta náà nìyí. Mo tò àmì tí wọ́n kó ní líìgì ní sáà mẹ́rin, láti 2021 sí 2025, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn jẹ́ 30 lọ́kọ̀ọ̀kan: 90, 85, 88, 84. Mo wá fi ohun tí wọ́n ṣe ní Champions League ní sáà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn: ọdún tí wọ́n kó 90, Lyon nà wọ́n ní Turin, ọdún tí wọ́n kó 85, wọ́n gba ife, ọdún tí wọ́n kó 88, wọ́n tún gbà á, ọdún tí wọ́n kó 84, wọ́n pàdánù. Sáà tí ó dára jù nílé ni ó burú jù lọ́jọ́ àṣekágbá, èyí tí ó sì kéré jù nílé náà pàdánù. Kò sí ohun tí ó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Nítorí náà, ìyà tí Levante àti Real Madrid fi jẹ wọ́n kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lisbon, bí ọ̀rẹ́ Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ ṣe tò ó. Ìyà yẹn tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ohun kan sì tún wà tí ọ̀rẹ́ náà gbójú fò. Ní sáà tí ó ní wọ́n wó yìí, Chelsea ni wọ́n bá pàdé ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Mẹ́rin sí ọ̀kan nílé, mẹ́rin sí ọ̀kan lẹ́yìn odi. Chelsea kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ebi ń pa.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́, Ìgbógbó

Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù ní Ìgbógbó níbí, nítorí náà ojú tí mo fi ń wo Barcelona yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí mo lè jí kọ́ wọn ni mo máa ń wá nínú eré.

Mo gbà pé lílọ Asisat kò fọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìṣirò jẹ́ kí a sọ pé kò mú nǹkan kan lọ. Nínú sáà tí Oníṣirò ń sọ, tí wọ́n borí nínú gbogbo 30, góòlù 20 ni Asisat gbá, òun àti Geyse ti Madrid CFF ni wọ́n jọ jẹ́ ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní líìgì náà. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ó gbá 21. Ó ju 100 lọ tí ó gbá fún ẹgbẹ́ náà lápapọ̀. Ìyẹn ni ti ìwé. Èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi kò sí nínú ìwé. Mo ní fọ́nrán kan lórí fóònù mi, láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2019, nígbà tí Barcelona lọ na Atlético Madrid ní méjì sí òdo níwájú òǹwòran 60,739, tí Asisat sì gbá ti àkọ́kọ́. Mo máa ń dá a dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n sì bi wọ́n pé, "Níbo ni ó ń wò?" Gbogbo wọn á ní bọ́ọ̀lù. Mo tún un fi hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé èjìká ẹni tí ń ṣọ́ ọ ni ó ń wò, pé bí èjìká yẹn bá ti yí báyìí, òun ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, mo mú igi, mo yà á sórí iyanrìn, a sì gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ kan wà nínú wọn tí kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ, bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti là níwájú tí ọmọ ìka ń yọ, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra láìsí àṣìṣe, ó sì bi mí pé ṣé bí Asisat ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́.

Irú sísá yẹn ni mo wá tì ní Lisbon. Pajor, tí wọ́n rà láti Wolfsburg ní 2024, kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ rárá. 25 ni ó gbá ní líìgì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, òun sì ni ó gbá jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Arsenal ti kó ara wọn jọ síwájú ilé wọn, tí ẹsẹ̀ ti ń wúwo, mo ń wo ibùjókòó àwọn olùrọ́pò pé ta ni yóò wọlé wá sáré gba ẹ̀yìn wọn bí Asisat ti máa ń ṣe, n kò rí i. Àgbà Òǹwòran ní wọn kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó máa ń ṣí irú ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí eré bá ti ń parí lọ wà ní California nígbà náà. Èmi kò ní òpó ni. Kọ́kọ́rọ́ kan ni, ilé ṣì dúró.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ ni èyí tí ó máa ń dùn mí bí mo bá ń ka sáà Barcelona báyìí. Láti 2020 títí di 2025, Barcelona nìkan ló gba líìgì wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà léra, ó sì di mẹ́wàá lápapọ̀. Ẹ wá tò ti ilé wa: Nasarawa Amazons ní 2017, Bayelsa Queens ní 2018, Rivers Angels ní 2019 àti 2021, Bayelsa Queens ní 2022, Delta Queens ní 2023, Edo Queens ní 2024, Bayelsa Queens tún ní 2025. Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé líìgì wa ló dùn jù, nítorí ife ń lọ láti ilé dé ilé. Ojú tí mo fi ń wò ó kọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, bí ẹgbẹ́ kan bá ti kọ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n dára, sáà tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lọ sí ibi tí owó wà, ẹgbẹ́ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Asisat fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn: FC Robo ní Èkó níbí, Rivers Angels, lẹ́yìn náà Liverpool. Síbẹ̀ Bayelsa Queens gbé ipò kẹta nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, Edo Queens sì dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá rẹ̀ ní 2024. Bí a bá lè dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró fún sáà mẹ́rin láìtú u ká, n kò mọ ẹni tí yóò lè dúró níwájú wọn.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Sátidé tó kọjá ni a dé pápá tí a bá ìpalẹ̀mọ́ ayẹyẹ níbẹ̀, àwọn kan ti gbé àga àti ìbòrí sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ mi sì padà sílé láìfi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ó ṣì wà nínú mi.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe Asisat ni ó gbá ọ̀kan nínú góòlù mẹ́rin tí wọ́n fi na Chelsea ní 2021? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò mẹ́nu bà á.

Èsì láti ọwọ́ Àgbà Òǹwòran, Ìpàkòdò

Rárá, ọmọ mi. Agbábọ́ọ̀lù Chelsea kan, Melanie Leupolz, ni bọ́ọ̀lù ti ara rẹ̀ wọ àwọ̀n tiwọn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Putellas gbá pẹ́nárítì wọlé, Bonmatí gbá ẹ̀kẹta, Graham Hansen sì gbá ẹ̀kẹrin. Asisat wọlé gẹ́gẹ́ bí olùrọ́pò lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ bí gbogbo wọn. Góòlù Budapest ni ẹni tí ó sọ fún ọ gbé lọ sí Gothenburg.

Ìyá Ẹgbẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ní Turin ní 2022, Asisat ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ ilẹ̀kùn Lyon kò ṣí mọ́ lẹ́yìn góòlù Putellas. Ti bàtà ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀bútẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ àná, kí jẹnẹrétọ̀ tó kú. Nígbà tí mo dé ibi nọ́ńbà mẹ́rin tí Oníṣirò tò, ẹni tí ó yí àga sí ògiri gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ṣebí 84 náà ló kéré jù níbẹ̀?" Mo ní kí ó wo 90 pẹ̀lú ohun tí Lyon ṣe. Ó dákẹ́. Nígbà tí a wá dé ibi Mariona, ó ní òun kò mọ̀ pé Arsenal ti mú un, pé bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá ti yí àga òun sí ògiri kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Kò gbà pé òun pàdánù o. Ó di ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ mú, ó ní ìdajì ni èmi jẹ, ìdajì ni òun jẹ. Èmi náà kò lè jiyàn nítorí mo rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Asisat kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kẹta, tí ó ní kò sí ohun tí ènìyàn lè rí kà, ni a wá dìjọ kọjú sí, nítorí pé a ti kà á fún bí wákàtí kan gbáko, òun gan-an ló sì ń ní kí n tún ibi dàbínù kà. Òun ni yóò ra iṣu ewùrà. Èmi yóò mú ẹja gbígbẹ wá láti èbúté.